Ìyẹn kì í ṣe oògùn

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi wá ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì fún wọn ní èsì kan náà. "Oògùn wo lẹ ti lò fún ọmọ yìí nílé?" "Parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni o, àti kalamáìn tá a fi ń pa á lára." Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa. Àbúrò mi tó bí ọmọ ò purọ́, Màámi tó ń tọ́jú ẹ̀ ò purọ́, èmi tí mo ní kẹ́mísì, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi gangan ni nǹkan tó fẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ yẹn ti jáde, èmi náà ò purọ́. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ látòkèdélẹ̀ nìyẹn, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò á rò pé ẹnì kan ló fi nǹkan pa mọ́.

Ọmọ náà, ẹ jẹ́ n máa pè é ní Àjàní, orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún 6, kílò 19, ariwo ẹ̀ nìkan tó ti odidi agbo ilé kan. Oṣù kejì ni, ọyẹ́ ti lọ, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń jó ni bí iná, káṣú ti ń pọ́n lórí igi, síkìnpọ́ọ̀sì sì ti ń mú àwọn ọmọ kíláàsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Sátidé lara tiẹ̀ gbóná, nígbà tó máa fi di ọjọ́ Àìkú, ó ti yọ bo gbogbo àyà àti ẹ̀yìn ẹ̀. Àbúrò mi ní ọmọ ọwọ́ nílé, ló bá gbé Àjàní lọ sọ́dọ̀ Màámi ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n kó má baà kó o ran ọmọ kékeré. Èmi ni mo dá a lábàá, mo ní ṣebí Màámi ló wo gbogbo wa sàn nígbà tó ṣe wá.

Lóòótọ́ ló wò wá sàn. Màámi gbà pé kò sí dókítà tó mọ ilẹ̀ẹ́gbóná tó òun. Ó ti fèrèsé pa kí oòrùn má wọlé, ó ní kí wọ́n bá òun ra ẹmu wá, ó ń fi pa ọmọ lára, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ àìsàn náà sókè, ó ní àlejò ni ọmọ òun ní. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn, ẹmu ò pa ẹnì kankan láti ẹ̀yìn ara. Èmi gbé parasitamọ́ọ̀lù olómi lọ fún wọn, mo fi báírò kọ iye tó máa mu sára páálí, torí bí ọmọ bá ṣe wọ̀n tó la fi ń ṣírò ẹ̀, 10 sí 15 miligíráàmù fún kílò kan. Mo tún sọ fún àbúrò mi pé kó má fún un ní ibuprofen, torí ó lè jẹ́ kí egbò síkìnpọ́ọ̀sì burú sí i. Ẹ wò mí bí mo ṣe gbọ́n tó, mo ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, olè gba fèrèsé wọlé.

Torí ní gbogbo ìgbà yẹn, nínú agolo mílíìkì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi, ẹ̀bù orí fífọ́ wà níbẹ̀. Ẹ mọ ọ̀n, ẹ̀bù funfun inú bébà kékeré tí gbogbo ìyá àgbà ilẹ̀ yìí ń lò fún orí, fún ẹ̀yìn, fún orúnkún, fún àìrí oorun sùn, fún kí ara ṣáà ti le. Èmi ni mo máa ń kó o lọ fún un lóṣooṣù torí orúnkún ẹ̀, mi ò sì gbowó. Asipírìn ni, wọ́n fi kaféènì díẹ̀ sí i. Mo ti ń tà á láti ọdún 14 tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sábó.

Nígbà tó di Wẹsidé, egbò ti ń gbẹ, ó ti ń ṣe èèpá. Ibà ti lọ. Ọmọ béèrè ọkà, ó jẹ ẹ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù. Màámi fóònù mi pé àlejò ti fẹ́ máa lọ. Gbogbo wa dúpẹ́.

Alẹ́ Tọ́sìdé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kì í ṣe èébì ọmọ tó jẹun jù, ńṣe ló ń bì léraléra, oúnjẹ kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà omi òróòro tó korò, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́, ikùn ẹ̀ kàn ń fà. Kò yàgbẹ́ gbuuru. Ara ẹ̀ ò gbóná. Ẹ fi ọkàn sí méjèèjì yẹn, torí èmi ò fi ọkàn sí i. Ọmọ tí àìsàn kòkòrò ti ń fi sílẹ̀, tó wá ń bì láì dáwọ́ dúró, tí inú ẹ̀ ò ṣí, tí ara ẹ̀ ò gbóná, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn. Orí ló ń ti ikùn.

Àárọ̀ Fúráìdé ni mo débẹ̀. Mo bá a tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ẹ̀ là díẹ̀. Màámi ní ó ti ń sùn láti ìdájí. Mo pè é, ó dìde jókòó bíi pé ẹnì kan fà á sókè, ó wo Màámi lójú, ìyá àgbà tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún, ó ní, "Ta lẹ̀yin? Ẹ jáde nílé wa." Màámi rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọmọ ń ṣeré ni. Ló bá gbá kọ́ọ̀pù ọwọ́ ẹ̀ dànù, ó bú u ní èébú kan tí mi ò ní kọ síbí, ó tún padà sùn. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ gba ẹran lọ́wọ́ àgbà, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Ìyá kan tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá ní ohun tó ṣe ọmọ yìí kì í ṣe ojú lásán, ká gbé e lọ sórí òkè lọ gbàdúrà. Mi ò bá a jà. Èmi náà ń ṣe ti èmi ni: mo fi kíìtì yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò bóyá ibà ni, kò fi ibà hàn, mo tún ní bóyá kíìtì ò dáa, mo fún un ní oògùn ibà, ó bì í jáde lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ṣòfò báyẹn. Ẹni tó ní kẹ́mísì ò kì í fẹ́ gbà tètè pé ọ̀rọ̀ ti kọjá kẹ́mísì.

Ọsibítù kékeré kan la kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè yẹn, a dáhùn. Wọ́n ní ibà tó wọ orí ni, wọ́n gbé dírípù kọ́ ọ, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Mi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, ní ìlú wa ńbí, ọmọ tó bá ń ṣe ràn-ìn-ràn-ìn tí kò mọ èèyàn mọ́, ibà tó wọ ọpọlọ lẹnikẹ́ni máa kọ́kọ́ rò, ó sì máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdájí Sátidé, gìrì mú un. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, kó tó di gbogbo ara. Ìyá kan tí òun náà gbé ọmọ wá sí wọ́ọ̀dù yẹn fa ìgò kan yọ nínú báàgì, àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sè. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, torí nǹkan tó wà nínú ìgò yẹn máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, a ò sì tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ṣúgà Àjàní ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọsibítù ńlá ni wọ́n ní ká máa gbé e lọ. Ní ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, nọ́ọ̀sì bi wá, a dáhùn. Dókítà ọkùnrin kan bi wá, a dáhùn. Wọ́n gún un ní ìka, ṣúgà ẹ̀ jẹ́ 38, nígbà tó yẹ kó ju 70 lọ. Wọ́n fún un ní omi ṣúgà láti inú iṣan, èmi ń retí pé á lajú. Kò lajú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ da dókítà láàmú, ó ní tó bá jẹ́ ṣúgà nìkan ni, ó yẹ kó ti jí.

Wọ́n wá fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ojú ẹ̀ wò dáadáa pé ọpọlọ ò tíì wú débi tí gígún ẹ̀yìn á fi pa á lára. Omi náà mọ́ kedere, kò sí kòkòrò, kò sí sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò jà. Àyẹ̀wò ibà tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi yẹ ẹ̀dọ̀ wò, nǹkan tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 40 ti fò kọjá 600. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dì mọ́, ojú abẹ́rẹ́ ń ṣẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Dókítà fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún ẹ̀, ó ní ẹ̀dọ̀ ti tóbi. Mo ní, "Dókítà, ojú ọmọ yìí funfun o, ẹ̀dọ̀ kẹ̀?" Torí ohun tá a mọ̀ ni pé tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣèèyàn, ojú á pọ́n bíi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú àtalẹ̀ pupa, ìtọ̀ á dà bíi kóòkì. Ti Àjàní ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀dọ̀ ń kú lọ, ojú ń dán.

Ibi tí dókítà obìnrin kan ti wọlé nìyẹn. Kò tíì dàgbà púpọ̀, ohùn ẹ̀ dà bíi ti àwọn ará Òkè Ògùn. Ó wo fáìlì, ó wo àwọn èèpá ara ọmọ, kò bi èmi tí mo ń fi èdè òyìnbó dáhùn, kò bi àbúrò mi tó ń sunkún. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Màámi lórí bẹ́ńṣì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ yín, kí ni gbogbo nǹkan tó gba ẹnu ẹ̀ wọlé? Kì í ṣe oògùn o. Gbogbo ẹ̀. Oúnjẹ, omi, àgbo, ohun tẹ́ ẹ bù sí ẹ̀kọ."

Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọkà. Ẹ̀kọ. Ọsàn méjì. Mílíìkì. Ẹ̀wà tí kò jẹ tán. "Àti ẹ̀bù orí fífọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ń kó wá fún mi, torí ó ní orí ń fọ́ òun lálẹ́, omi dídùn inú ìgò yẹn ò sì ran orí. Mo pín ẹyọ kan sí méjì, ìdajì láàárọ̀, ìdajì lálẹ́. Mo fi ṣúgà sí i torí ó kan díẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe oògùn."

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́.

Dókítà ní, "Ọjọ́ mélòó, Màmá?" Màámi ní láti ọjọ́ Àìkú títí di Wẹsidé. Mo dìde, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìsàlẹ̀ Afọ́n, mo fa agolo mílíìkì yẹn yọ. Màámi máa ń ká àwọn bébà tó bá ti lò, á ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi owó tí wọ́n fẹ́ dì sétí aṣọ, kó lè mọ iye tó ti lò kó tó ní kí n kó òmíràn wá. Bébà méje ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú ẹ̀ ṣì ń dán, ṣúgà lẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Mo tú u, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀: acetylsalicylic acid, asipírìn nìyẹn, wọ́n kọ ọ́ kékeré bíi ẹyin iná orí. Màámi ò lè kà á torí ojú ẹ̀, torí kò sì lọ sí iléèwé. Èmi tí mo lè kà á, mi ò kà á rí láti ọdún 14.

Dókítà gbé bébà náà sí orí fáìlì, ó kọ orúkọ kan: Reye's syndrome. Èmi kọ́kọ́ kà á bíi orúkọ ọmọ Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní "Ráì" ni wọ́n ń pè é. Dókítà Ọsirélíà kan ló ni orúkọ náà, Douglas Reye, ẹni tó máa ń yẹ òkú wò láti mọ ohun tó pa á, ní ọsibítù àwọn ọmọdé kan ní Sydney. Lọ́dún 1963 lòun àtàwọn méjì kan kọ̀wé nípa ọmọ 21 tí wọ́n rí, tí ọpọlọ wọn wú tí ọ̀rá sì kún ẹ̀dọ̀ wọn, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kú. Wọn ò mọ ohun tó fà á nígbà yẹn.

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa ní Yorùbá, mo sì fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, torí ìgbà yẹn ni nǹkan tó yé mi. Ó ní gbogbo ẹ̀yà ara wa ló ní jẹnẹrétọ̀ kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì, mitochondria ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ oúnjẹ di agbára. Tí kòkòrò bíi ti síkìnpọ́ọ̀sì tàbí ti fúlúù bá ti kọjá lára ọmọ, àwọn jẹnẹrétọ̀ yẹn ti rẹ̀ díẹ̀. Tí asipírìn bá wá bá wọn níbẹ̀, nínú ọmọ tó jẹ́ pé ara ẹ̀ ò gbà á, wọ́n á kú pa. Ti ẹ̀dọ̀ ló máa ń burú jù. Ẹ̀dọ̀ tí kò níná mọ́, kò lè jó ọ̀rá, ọ̀rá á kún inú ẹ̀ ní ẹ̀kán kéékèèké. Kò lè ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà á já. Kò lè ṣe ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀, kò lè yí ìdọ̀tí ẹran àti ẹ̀wà tá a jẹ padà sí nǹkan tá a lè tọ̀ dànù. Amóníà ni ìdọ̀tí yẹn, irú èyí tó máa ń ta sí ni nímú nínú ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀. Á máa yí nínú ẹ̀jẹ̀, á gòkè lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ á wú. Agbárí èèyàn ò sì fẹ̀, egungun ni, ibi tí ọpọlọ lè wú sí ò sí. Ìdí tí wọ́n fi ń bì nìyẹn, ìdí tí wọ́n fi ń bú ìyá àgbà nìyẹn.

Mo bi í pé ṣé gbogbo ọmọ tó bá lo asipírìn ló máa ń ṣe. Ó ní rárá, àìsàn tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lò ó tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, ohun tó sì mú kó ṣòro láti gbà gbọ́ nìyẹn. Gbogbo ìyá àgbà ló ní ẹ̀rí pé òun ti lò ó fún ọmọ mẹ́wàá.

Lóru yẹn lórí bẹ́ńṣì ni mo fi fóònù kà nípa ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1980 nìkan, ọmọ 555 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó mú. Àwọn tó ń wádìí rí i pé àwọn ọmọ tó ń ní in, asipírìn ni wọ́n ti lò nígbà tí fúlúù tàbí síkìnpọ́ọ̀sì ń ṣe wọ́n. Lọ́dún 1982 ìjọba ibẹ̀ kìlọ̀ fáwọn òbí, nígbà tó di 1986 wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Àìsàn náà wá já wálẹ̀, láti 1994 kò ju ọmọ méjì lọ lọ́dún. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà, lọ́dún 1986, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, lẹ́yìn náà wọ́n sún un sí 16 lọ́dún 2002. Mo ka apá ibi tí wọ́n ti sọ iye tó kú, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mo pa fóònù. Ó ti ju ọdún 30 lọ tí ayé ti parí ọ̀rọ̀ yìí, mo wà nídìí káńtà mo ń gba owó ẹ̀.

Kì í ṣe pé asipírìn jẹ́ májèlé o, kí ẹnì kan má lọ já oògùn ọkàn bàbá ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọmọdé kan náà wà tí dókítà ń fún, àwọn tí iṣan ọkàn wọn ń wú, àìsàn tí wọ́n ń pè ní Kawasaki, àmọ́ dókítà ló ń ṣọ́ wọn. Mo tún rí i pé kì í ṣe inú oògùn orí nìkan ló wà. Ẹbí ẹ̀ kan wà nínú àwọn oògùn inú rírun olómi kan, èyí tí wọ́n bá kọ subsalicylate sí lára.

Ká padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó ń lé àìsàn yìí lọ, ńṣe ni wọ́n ń gbé ọmọ dúró títí jẹnẹrétọ̀ á fi tún ta. Omi ṣúgà ò gbọdọ̀ dá, àmọ́ kò gbọdọ̀ pọ̀ jù kó má lọ fi kún wíwú ọpọlọ, ẹ̀kán ẹ̀kán ni nọ́ọ̀sì ń kà á. Fítámì K wọlé torí ẹ̀jẹ̀. Mannitol wọlé láti fa omi kúrò lórí ọpọlọ. Wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, wọ́n ka aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ méjèèjì kó dúró gbọọrọ, wọ́n ní ká má pariwo, ká má máa fọwọ́ kàn án ṣáá. Ẹ ò mọ bó ṣe ṣòro tó láti ní kí ìyá má fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀. Àbúrò mi di ọwọ́ ara ẹ̀ méjèèjì mú sẹ́yìn bíi ẹni tí wọ́n de.

Amóníà yẹn, wọn ò rí i wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú áìsì, kó sì dé lábù kíákíá, lábù ibẹ̀ ò sì lè ṣe é. Mo ní ká gbé e lọ sí Ìbàdàn, mo ní mo mọ dírẹ́bà kan. Dókítà ní kí ẹ̀jẹ̀ yẹn tó dé Ọ̀yọ́ gan-an, ọ̀nà yẹn ti bà á jẹ́, iye tí wọ́n máa kà á ti di irọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó kọ sínú fáìlì ni pé ó jọ ọ́, ó sì jọ ọ́ gan-an. Ó tún bi wá bóyá ọmọ kan ti kú lójú oorun rí nínú ẹbí tàbí lẹ́yìn tí ebi pa á pẹ́. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí i mọ́ wọn, tí ara wọn ò lè jó ọ̀rá, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣàìsàn tí wọn ò jẹun, bó ṣe máa ń ṣe wọ́n gẹ́lẹ́ nìyí, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n pè ní Reye látijọ́, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí irú ẹ̀ nínú ẹbí wa. Síbẹ̀ ó ní kí ebi má pa Àjàní sùn títí wọ́n á fi ṣe àyẹ̀wò yẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sùn. Ọjọ́ kẹta ni gìrì dá. Ọjọ́ karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó la ojú, ó wo ìgò dírípù fún ìgbà pípẹ́, ó ní kí ni nǹkan tó ń kán yẹn. Nọ́ọ̀sì ní omi ni. Ó ní ṣé òun lè mu ún.

Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ sàn, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gbogbo nọ́ńbà ti padà sí bó ṣe yẹ, ẹ̀dọ̀ kì í di kùnrùngbùn. Ọpọlọ ló pẹ́. Nígbà tá a dé ilé, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń de bàtà, ó ń ka 1 dé 20, tó bá dé 13 á padà sí 11. Ọwọ́ òsì ẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá di síbí mú. Ó tètè máa ń bínú. Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí, ó ti ń de bàtà, ó ti ń ka 100, àmọ́ tísà ẹ̀ ní kò tíì dà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní ká máa mú un wá sí kíníìkì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Màámi ò sunkún ní ọsibítù. Ìgbà tá a dé ilé ló ní kí n jókòó. "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo fún mi, o ò sọ fún mi." Mo ní, "Ẹ má bínú Màámi, mi ò mọ̀ pé ẹ máa fún un ni." Ó ní, "Ta ni wọ́n ń fún ní nǹkan tí kò ní fún ọmọ ẹ̀ níbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ti ro ó títí, ohun tó sọ yẹn ló tọ̀nà. Nínú ilé Màámi, ohun tí dókítà bá kọ, tó wà nínú páálí, ìyẹn loògùn. Àgbo, àgbo ni. Ẹ̀bù orí fífọ́ ò sí nínú méjèèjì, bíi iyọ̀ ló ṣe wà nílé, ta ló máa ń rántí iyọ̀ tí wọ́n bá bi í pé kí lo jẹ? A ń béèrè oògùn lọ́wọ́ ẹni tó fún ọmọ ní iyọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò bi èèyàn ní "kí lẹ fẹ́ rà" nìkan mọ́. Tí wọ́n bá ti ní ẹ̀bù, mo máa ń ní ta ló fẹ́ lò ó, ọmọ mélòó ló wà nílé, ibo lẹ máa ń kó o sí. Àwọn kan ti bú mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti pọ̀ jù, obìnrin kan ní òun á lọ rà á níbi tí wọn ò ti ń ṣe ọlọ́pàá. Ó lọ rà á lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù kejì ni.

Ọmọ ọwọ́ náà padà ní síkìnpọ́ọ̀sì ọ̀hún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Màámi ló tún tọ́jú ẹ̀, àbúrò mi ò fẹ́, èmi ni mo ní kó gbé e lọ. Kalamáìn àti parasitamọ́ọ̀lù, kò sí nǹkan míì. Agolo mílíìkì ti wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń kó báírò sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Màámi fóònù mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó gbẹ̀yìn, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yìí ń sunkún, mo fẹ́ fún un lómi. Omi kànga tá a sè ni. Ṣé kí n fún un?"